Orúkọ Bàbá Bàbá Mi Ò Sí Lórí Google

Ìyá Tíṣà ń dá yín lóhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu ṣe é pé mo ń kó ìtàn ìdílé wa jọ sínú ìwé ni o, kò ju ìlà méjì lọ, àmọ́ lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ̀ ju ti ọkọ àti ìyàwó lọ, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó sí ojú ewé yìí. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Mo ti yọ orúkọ gbogbo yín kúrò, torí mo mọ ilé tí mo ti wá.

*Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí, Houston ni mò ń gbé. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó rí bàbá tó bí ìyá ìyá ẹ̀, ó rí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá sí Amẹ́ríkà, ó rí iye ọmọ tó bí. Ni èmi náà bá bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ orúkọ bàbá bàbá mi sí Google, mo tẹ̀ ẹ́ sí FamilySearch, mo sanwó oṣù mẹ́ta fún Ancestry, òfo ni. Àwọn olóṣèlú tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nìkan ló ń gbé jáde. Ṣé àwa ò ní ìtàn ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wá? Ọmọ Ìkọ̀lé, Houston*

Ọmọ mi, ìtàn wà, o sì mọ̀ ọ́n wá. Ibi tó o ti ń wá a ni kò sí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí òyìnbó ẹ yẹn jókòó lé fún ẹ. Àwọn ìjọ Mormon ní Utah gbà pé ó yẹ kí èèyàn mọ àwọn baba ńlá ẹ̀ kó lè gba ìrìbọmi nítorí wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ ìtàn ìdílé sílẹ̀ lọ́dún 1894, nígbà tó di 1938 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ìwé sọ́ọ̀ṣì àti ìwé kóòtù káàkiri ayé sórí fíìmù, ó pọ̀ débi pé ó lé ní mílíọ̀nù méjì rólù, wọ́n wá ń kó o sórí kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi parí ẹ̀ ní 2021. Òun ni FamilySearch tó o lọ yẹn, ọ̀fẹ́ ni, 1999 ló ṣí. Kó tó dé, ẹni tó bá ń wá baba ńlá ẹ̀ á kọ lẹ́tà, á fi sítáǹbù sí i, á máa retí, tàbí kó wọ mọ́tò lọ jókòó ti ìwé eléruku láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé ìkànìyàn 1901 wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní January 2002, èrò rọ́ lù ú débi pé ẹ̀rọ náà dákú, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wà nílẹ̀ kó tó jí.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà níbẹ̀: ìwé ni. Ìjọba wọn ti ń lọ láti ilé dé ilé lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n ń kọ orúkọ baálé, orúkọ ìyàwó, ọjọ́ orí ọmọ, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Íntánẹ́ẹ̀tì ò dá nǹkan kan, ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kó fún wọn. Àwa ńkọ́? Òfin tó sọ ọ́ di dandan jákèjádò Nàìjíríà pé kí wọ́n forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, 1979 ló kọ́kọ́ jáde, èyí tí à ń lò báyìí, 1992 ni. Bàbá bàbá tìrẹ, wọ́n á ní ọdún tí eéṣú jẹ oko ni wọ́n bí i, tàbí ọdún kẹta tí Elékọ̀lé kan gorí oyè. Ibo lo fẹ́ tẹ ìyẹn sí lórí Ancestry?

Èyí tó wá le jù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ̀rọ yẹn gbà pé orúkọ ìdílé bàbá ni ọmọ ń jẹ́, tí ọmọ ọmọ náà á tún máa jẹ́. Irọ́ ni, lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tíṣà á bi ọmọ pé kí lorúkọ bàbá ẹ, ọmọ á dárúkọ tí wọ́n sọ bàbá ẹ̀ gan-an, ìyẹn á di orúkọ ìdílé. Àbúrò ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn mú lọ sílé ìwé nílùú míì á jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn. Ẹnì kẹta á jẹ́ orúkọ bàbá àgbà. Ọmọ bàbá kan, orúkọ mẹ́ta, tí o bá wá wọn lórí fóònù lónìí o ò ní mọ̀ láéláé pé wọ́n tan. Ìgbà yẹn náà ni ìgbàgbọ́ tún wọlé, Fágbèmí di Olúgbèmí, Ògúndáre di Olúdáre, Ọ̀ṣúntúyì di Olútúyì, mo tiẹ̀ mọ ilé tí Èṣùbíyìí ti di Jésùbíyìí. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, Krìsẹ́nì ni èmi náà. Àmọ́ ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, tí wọ́n bá wá yí orúkọ padà, ilé yẹn gan-an lo ò ní rí wò mọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń wá bàbá bàbá mi nínú rẹ́jísítà ìrìbọmi sọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò ní dárúkọ, torí akọ̀wé wọn, ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, ikán ti jẹ ẹ́ ni, kọ́kọ́rọ́ ò sí nílé ni, vicar lọ sí ìpàdé ni. Ìgbà tí wọ́n jàjà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo rí Joseph kan tí ọjọ́ orí ẹ̀ bá a mu, tí orúkọ ìyá ẹ̀ bá a mu, àmọ́ orúkọ tó tẹ̀lé Joseph yẹn, Fá ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nílé wa. Mo fẹ́ẹ̀ padà sílé. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ni mo kàn sọ fún bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ bàbá yín kí àwọn oníwàásù tó dé nìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo tẹ orúkọ náà sí Facebook láìfi àmì sí i, èèyàn mọ́kànlá jáde, mẹ́rin nínú wọn wà l'Ákùúrẹ́, wọn ò yí orúkọ tiwọn padà ní tiwọn. Bàbá bàbá wọn àti bàbá bàbá mi, ọmọ ìyá kan náà ni. A ti jọ jẹun Kérésì lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Nítorí náà, kí o tó san kọ́bọ̀ míì fún àwọn oní-kọ̀ǹpútà, pe ẹni tó dàgbà jù nílé yín. Má sọ pé kó sọ ìtàn ìdílé fún ẹ, á kàn sọ èyí tí gbogbo ayé mọ̀, pé láti Ifẹ̀ la ti wá. Bi í ní nǹkan kéékèèké: orúkọ wo ni wọ́n ń pe bàbá kó tó lọ sí sọ́ọ̀ṣì? Ta ló ń sùn ní yàrá tó kọjú sí àgbàlá? Inú oko ta ni ẹ ti ń jẹ kòkó? Kí ni wọn kì í jẹ nílé yín? Èèwọ̀ yẹn ṣe pàtàkì o, mo ti rí ilé méjì tí kò mọ ara wọn rí tó jẹ́ pé ẹran kan náà ni wọn ò jọ jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè. Jẹ́ kó ki oríkì ilé bàbá, kó sì ki ti ilé ìyá pẹ̀lú, torí oríkì máa ń dárúkọ ìlú tí ẹnu èèyàn ti gbàgbé. Gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Tó bá ń fi ẹnu ìlú sọ̀rọ̀, tó ń pe ilé ní ulé, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má tún un ṣe. Bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, kódà àwọn FamilySearch yìí fúnra wọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń rán èèyàn lọ jókòó ti àwọn àgbà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, kí wọ́n máa kọ ìran láti ẹnu wọn.

Kí ẹnì kan nílé ya fọ́tò gbogbo ojú oórì tó wà nínú àgbàlá pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Kí wọ́n tú àpótí bàbá, ìwé owó orí wà níbẹ̀, káàdì ilé ìwé wà níbẹ̀. Tí o bá fẹ́ ìwé ìjọba ṣá, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní National Archives, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, fáìlì Ekiti Division ń bẹ níbẹ̀, àwọn òyìnbó D.O., ìyẹn àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, kọ ìtàn àwọn ìlú wa síbẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, ìlú yìí àdúgbò yìí, ọba yìí ló jẹ kí tọ̀hún tó jẹ. Wá ọmọ mọ̀lẹ́bí kan tó ń kàwé n'Íbàdàn, fún un lówó mọ́tò àti owó oúnjẹ, kó lọ kà á fún ẹ. Fún un ní owó oúnjẹ gidi o.

Ẹ̀yin tó ń tẹ orúkọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní oríṣiríṣi: pẹ̀lú àmì, láìsí àmì, kí ẹ fi sh síbi tí ṣ wà, torí bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

*Ẹ ǹlẹ́ mà. Èmi ni ádímínì gúrúùpù WhatsApp ìdílé wa, a ju igba lọ, láti Adó dé Dubai. Ìdí tí a fi dá a sílẹ̀ ni ká lè mọ ara wa. Ní báyìí fọ́tò òdòdó ẹ káàárọ̀ ló kún ibẹ̀, àdúrà àfiránṣẹ́ sí èèyàn méje, òṣèlú, àti ìjà pé ìyàwó kejì ló kọ́kọ́ bí àbí ìyàwó kẹta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ wa kan gbé fọ́ọ̀mù síbẹ̀ pé kí kálukú kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá kó tó lọ́kọ àti nọ́ńbà fóònù, kí òun lè ya àtẹ ìdílé. Àwọn kan ti kọ ọ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ádímínì tó ti sú, Adó-Èkìtì*

Yọ fọ́ọ̀mù yẹn kúrò lónìí, kí o tó ka ìyókù. Mi ò sọ pé ọmọ yín ní èrò burúkú, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá kó tó lọ́kọ ni ọ̀pọ̀ bánkì fi ń bi èèyàn léèrè kí wọ́n tó mọ̀ pé òun ni. Èèyàn igba, ṣé o lè búra fún fóònù igba? Ẹnì kan á sọ fóònù nù ní gáréèjì, ní ọjọ́ kejì ẹni tó gbé e á ti máa pe ìyá àgbà, á dárúkọ bàbá ẹ̀, á dárúkọ àbúrò ẹ̀, á ní òun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Dubai, wọ́n ti mú òun o, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ kíákíá. Ẹ̀yin lẹ kọ ìtàn fún un.

Òfin tèmi nìyí: òkú lẹ lè kọ síta, alààyè rárá. Àwọn oníṣẹ́ yìí fúnra wọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, Ancestry àti FamilySearch máa ń fi orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè pamọ́ fún àjèjì.

Fi gúrúùpù ńlá yẹn sílẹ̀ fún òdòdó àti àdúrà, ó ní iṣẹ́ tiẹ̀, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ pé ẹnì kan kú. Mú èèyàn mẹ́rin márùn-ún tí ọ̀rọ̀ náà jẹ lógún, ẹnì kan nílé Adó, ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, àgbà ọkùnrin kan, àgbà obìnrin méjì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọkùnrin nìkan, ilé ìyá ni irọ́ ti máa ń pọ̀ tí kò bá sí obìnrin níbẹ̀. Àwọn àgbà tí kò lè tẹ nǹkan kan, kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́, WhatsApp ò ní kí wọ́n mọ̀wé. Ní ti ìjà ìyàwó kejì àti ìkẹta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ má dájọ́. Àtẹ ìdílé àwọn òyìnbó kún fún àṣìṣe nítorí èyí, ẹnì kan á kọ èyí tó wù ú láìsọ ibi tó ti rí i, ọgọ́rùn-ún èèyàn á dà á kọ, nígbà tó bá yá ẹ máa rí ọmọ tó dàgbà ju ìyá ẹ̀ lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì gbà á gbọ́ torí pé ó wà níbi ọgọ́rùn-ún.

*Ìyá Tíṣà, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, Toronto ni mo wà. Mo ṣe tẹ́ẹ̀sì DNA torí wọ́n ta á ní ẹ̀dínwó, mo kàn tutọ́ sínú ìgò ni. Wọ́n ní èmi àti ọkùnrin kan ní London pín 25%, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ bàbá mi tàbí ọmọ ìyá mi ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi jù mí lọ, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni ìyá tó bí i. Ó ti ń kọ̀wé sí mi, ó fẹ́ mọ bàbá ẹ̀. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, díákónì ni. Ṣé kí n gbé e sí gúrúùpù ìdílé kí wọ́n ṣàlàyé? Ẹni tí ọ̀rọ̀ sú, Toronto*

Kí o gbé kí ni sí gúrúùpù? Ó tì o. Gbé fóònù sílẹ̀ ná, mu omi.

25% ò túmọ̀ sí ohun tó o rò nìkan. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá máa ń pín nǹkan bí 50%. Ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan láìjẹ́ ọmọ ìyá kan, nǹkan bí 25%. Ọmọ àbúrò bàbá ẹ, nǹkan bí 12.5%. Àmọ́ àbúrò bàbá ẹ fúnra ẹ̀, tí òun àti bàbá ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, 25% náà ni! Wá ronú: tó bá jẹ́ pé bàbá àgbà yín, ìyẹn bàbá tó bí bàbá ẹ, ló fẹ́ ìyàwó kékeré nígbà tó dàgbà, tí ìyẹn sì bí ọkùnrin yẹn, nǹkan bí 12.5% péré lẹ máa pín. Nítorí náà, bí 25% yẹn bá tọ̀nà, àfàìmọ̀ kí ọkùnrin London yẹn máà jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ, àmọ́ má tíì dá díákónì wa lẹ́bi, wádìí ná.

Ọ̀nà wà láti fi mọ̀. Nǹkan kan wà nínú DNA tí ìyá nìkan máa ń fún ọmọ, òmíràn wà tí bàbá nìkan ń fún ọmọkùnrin. Bó o bá jẹ́ ọkùnrin, tí ti bàbá yín bá bára mu tí ti ìyá ò bára mu, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ bàbá ni, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tíì sọ pé bàbá ẹ gan-an ni. Bàbá ẹ gan-an ló máa tutọ́ kí èyí tó yé wa, bó bá bí i, wọ́n á pín nǹkan bí 50%, bó bá jẹ́ àbúrò ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó míì ni, á jẹ́ nǹkan bí 25%. Kò sì sí bí o ṣe máa gba itọ́ bàbá ẹ láìsọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe fún un. Má dán an wò.

Nítorí náà ọ̀nà ilé ni. Tí o bá ń bọ̀ lọ́dún yìí, mú sùúrù dìgbà tó o bá dé, jókòó ti bàbá ẹ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin méjì péré, kí ìyá ẹ máà sí nítòsí. Tí o ò bá lè dé, pe àbúrò bàbá ẹ obìnrin, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, àwọn yẹn ló máa ń mọ gbogbo ẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti ń retí ìbéèrè yìí láti ọjọ́ tó o ti ń lọ sí nọ́sìrì. Kí o sì dá ọkùnrin yẹn lóhùn lónìí, sọ fún un pé o rí lẹ́tà ẹ̀, pé o ń wádìí, pé ó máa gbọ́ ohùn ẹ. Láyé àwọn bàbá wa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á kú láìmọ ilé tó ti wá. Òun náà ò tọrọ kí wọ́n bí òun.

Nígbà tí o bá ráyè, wọ inú àkáǹtì yẹn kí o wo ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú itọ́ ẹ. Ní 2023 àwọn ọ̀daràn kó ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù méje èèyàn ní 23andMe, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́ẹ̀sì DNA, ní March 2025 ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Itọ́ tìrẹ nìkan kọ́ ni o, ti bàbá ẹ àti ti gbogbo àbúrò ẹ ló wà nínú ẹ̀, wọn ò sì tọwọ́ bọ nǹkan kan.

*Ẹ kú iṣẹ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí Facebook pé ilé wa kì í ṣe ilé ọmọ ọba, ó ní àlejò ni baba ńlá wa. Ó ti ní láìkì tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Kí la máa ṣe? Ọmọ ọba, Ọ̀yẹ́*

Láìkì kì í fi èèyàn jọba. Òfin oyè Western Region ti 1957 ló ní kí wọ́n kọ ilé tó ń jọba nílùú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sí ìwé ìjọba. Ẹ lọ gba ẹ̀dà ìwé yẹn, tí kò bá sí l'Ádó ẹ wò ó l'Ákùúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, ẹ rántí pé abẹ́ Ondo la wà títí di October 1996. Tí orúkọ ilé yín bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e fún lọ́yà. Tí kò bá sí, ẹ má tíì fèsì lórí Facebook.

*Ìyá Tíṣà, mo kí yín láti Ẹ̀fọ̀n. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà kan rí wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní DNA òun fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni òun, ó ń bọ̀ lóṣù August kí a fi agbo ilé tí wọ́n ti kó baba ńlá òun han òun. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti sọ pé ogun Kírìjì ni wọ́n fi kó o, wọ́n tiẹ̀ ti ní ká fi í joyè, wọ́n ti ń ṣírò iye tó máa san. Kí lẹ rí sí i? Àgbà kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè*

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ obìnrin. Ẹ bá mi fa etí àwọn ọ̀dọ́ yẹn.

1877 ni Kírìjì, ogun Èkìtì àti Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808, Brazil ti dáwọ́ dúró lẹ́yìn 1850, Cuba tó pẹ́ jù ò kó mọ́ kí Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó l'Ékìtì nígbà ogun Ìbàdàn, ilẹ̀ Yorùbá níbí ni wọ́n wà, ọmọ ọmọ wọn ń bẹ n'Íbàdàn lónìí, àwọn yẹn gan-an ló yẹ ká máa wá. Baba ńlá obìnrin yìí ti kọjá òkun tipẹ́ kí Fábùnmi, jagunjagun Òkè-Ìmẹ̀sí, tó gbé ìbọn.

Ní ti DNA ẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n fi tiẹ̀ wé ti àwọn tó ń gbé ilẹ̀ Áfíríkà báyìí, wọ́n wá sọ pé ó jọ Nàìjíríà tó báyìí, ó jọ Benin àti Togo tó báyìí. Àwọn kan wà tó máa ń dárúkọ Yorùbá gan-an, àmọ́ òmíràn nínú wọn, láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ìyá nìkan ló ti ń wò ó, tí ẹ bá ka ìran mẹ́jọ sẹ́yìn, èèyàn 256 ló bí i, ẹnì kan nínú wọn nìyẹn. Kò sí tẹ́ẹ̀sì tó lè sọ pé Ẹ̀fọ̀n, ká má tiẹ̀ sọ agbo ilé.

Síbẹ̀ ẹ má lé e padà. Nǹkan méjì wà tí ẹ lè ṣe fún un. Ọ̀kan, ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní African Origins, orúkọ èèyàn 91,491 ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ló pọ̀ jù, akọ̀wé kóòtù ní Freetown àti Havana kọ orúkọ wọn bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí Crowther wà tí wọ́n fi já a sílẹ̀ ní Freetown ní 1822. Àwọn tó ṣe é ń bẹ àwa tó gbọ́ èdè pé ká wá sọ orúkọ tó jẹ́ tiwa nínú ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹn ò dé Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ tiẹ̀, kí ẹ sọ fún un kó má baà máa retí bàbá ẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣírò owó yẹn, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú ẹ̀ kí wọ́n jọ kà á, wọ́n á gbọ́ orúkọ ilé ara wọn. Èkejì, tí ẹnì kan l'Ẹ́fọ̀n bá ti ṣe tẹ́ẹ̀sì tí òun àti obìnrin yìí sì bára mu bí ìbátan, bó ti wù kó jìnnà tó, ìyẹn sàn ju ọ̀rọ̀ Nàìjíríà tó báyìí lọ, kó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀.

Oyè ńkọ́? Ẹ fún un lórúkọ, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá dé ní August, iṣu tuntun á ti jáde, ẹ gún iyán fún un, kí ẹ fi ẹran ìgbẹ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn lọ ra ìrẹsì nítorí wọ́n rò pé òyìnbó ni.